Ibi Tí A Bí Ni Sí Kì Í Ṣe Ìwé-Ẹ̀rí: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Tó Ń Kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní Ilẹ̀ Òkèèrè

  

Ẹ̀yin oníṣẹ̀ṣe, ẹ̀yin tí ẹ ń jà fún àṣà àti èdè wa, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè kọ́kọ́ ṣe yín ní kàyéfì. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló kan babaláwo nínú ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kọ́ ọmọ Kòríà àti ọmọ Japan ní èdè àwọn òyìnbó. Èsì mi ni pé ó kàn wá gidigidi, nítorí pé irọ́ tí wọ́n fi ń yan olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì káàkiri ayé ni irọ́ kan náà tó ti ń yọ́ wọ inú agbo tiwa. Irọ́ náà ni pé ẹni tí a bí sínú èdè ni ó mọ̀ ọ́n kọ́ni, àti pé ẹni tí a kò bí sínú rẹ̀ kò lè mọ̀ ọ́n dé ojú àmì láéláé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Gúúsù Kòríà, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere jù. E-2 ni wọ́n ń pe irú físà tí wọ́n ń fún olùkọ́ èdè àjèjì níbẹ̀. Bí ènìyàn bá fẹ́ fi físà yìí kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò wò ni ìwé ìrìnnà rẹ̀. Orílẹ̀-èdè méje ni wọ́n kà sílẹ̀: Amẹ́ríkà, Kánádà, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ireland, Ọsirélíà, New Zealand àti Gúúsù Áfíríkà. Yàtọ̀ sí àdéhùn díẹ̀ tí ìjọba ibẹ̀ lè bá àwọn mìíràn ṣe, ẹni tí kò bá jẹ́ ọmọ ọ̀kan nínú méje yìí, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti padà. Ohun kejì tí wọ́n ń béèrè ni oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì. Irú oyè wo? Oyèkóyè ni. Ẹni tó kọ́ nípa ìtajà, ẹni tó kọ́ nípa eré ìdárayá, ẹni tó kọ́ nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn, gbogbo wọn ni ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún. Àwọn ètò ilé-ìwé ìjọba kan a máa béèrè ẹ̀kọ́ díẹ̀ lórí iṣẹ́ olùkọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n òfin físà náà fúnra rẹ̀ kò bìkítà bóyá onítọ̀hún ti dúró níwájú akẹ́kọ̀ọ́ rí.

Ètò JET ti ilẹ̀ Japan, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1987, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí èyí. Oyè àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ yòówù ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò wá ṣe amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ olùkọ́ èdè. Ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́ kì í ṣe dandan. Ti Japan tilẹ̀ sàn díẹ̀, nítorí pé wọ́n pe amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ní amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́, olùkọ́ ọmọ Japan sì wà ní kíláàsì pẹ̀lú rẹ̀.

Ìwé-ẹ̀rí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jù lórí iṣẹ́ yìí ni CELTA ti Cambridge. Bí ènìyàn bá jókòó tì í lójoojúmọ́, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ó fi ń parí rẹ̀. Wákàtí 120 ni ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó kéré tán. Nínú rẹ̀, wákàtí 6 ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ni lójú àwọn tí ń díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀. N kò tàbùkù CELTA. Ìbẹ̀rẹ̀ tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi í wé ti olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan ní Ìbàdàn tàbí ní Àkúrẹ́. Ọdún mẹ́ta ni ó fi gba NCE, èyí tí ìlànà ẹ̀kọ́ wa kà sí ìwé-ẹ̀rí tó kéré jù fún olùkọ́. Ó tún lo ọdún mìíràn sí i kí ó tó gba oyè yunifásítì nínú ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ́ fonọ́lọ́jì, ó kọ́ gírámà, ó kọ́ bí ọpọlọ ọmọdé ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n rán an lọ sí ilé-ìwé kí ó lọ kọ́ni lójú olùkọ́ àgbà, ó sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ TRCN tí òfin dá sílẹ̀ ní 1993. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú gbogbo ìdánwò ayé rẹ̀. Lójú òfin físà tí a ń sọ yìí, òfo ni gbogbo rẹ̀ já sí. Ẹni tó kọ́ nípa eré ìdárayá ní Toronto ni olùkọ́. Ẹni tó fi ọdún méje kọ́ iṣẹ́ náà kì í ṣe olùkọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi èyí dáàbò bò, kí ó wo orílẹ̀-èdè tó gbẹ̀yìn nínú méje náà. Nínú ètò ìkànìyàn tí Gúúsù Áfíríkà ṣe ní 2022, àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì jù nínú ilé wọn kò tó 10 nínú 100 ènìyàn. Èdè Zulu ló ṣáájú gbogbo èdè níbẹ̀. Nítorí náà, òfin yìí fàyè gba ọmọ Zulu tó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé bí àwa náà ti kọ́ ọ. N kò bínú sí i. Inú mi dùn fún un. Ohun tí mo ń bi wọ́n ni pé, kí ló sọ òun di elédè abínibí, tí kò sọ ọmọ Ìjẹ̀bú tí òbí rẹ̀ kò bá a sọ nǹkan mìíràn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ láti ọjọ́ tí a ti bí i di ọ̀kan?

Ẹ̀yin náà mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n pọ̀ ní Lẹ́kì, wọ́n pọ̀ ní Ìkẹjà, wọ́n ti ń pọ̀ ní Ìbàdàn pàápàá. Lójú àwa, wọ́n ti di ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí wọn kò lè kí bàbá àgbà wọn dáadáa. Lójú àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò tíì dé ibì kankan. Òbí wọn gba èdè baba wọn lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fi òmíràn lé wọn lọ́wọ́, àwọn tó ni òmíràn náà wá ń sọ fún wọn pé wọn kì í ṣe ọmọ ilé. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ fẹ́ fi bá àwọn òbí wọ̀nyí sọ̀rọ̀ ni ẹ ń wá, ẹ fi èyí bá wọn sọ ọ́.

Irọ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí a bá tọ ipasẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan nínú ibi tí yóò gbé wa dé wà ní ilẹ̀ Áfíríkà níhìn-ín. Ní 1961, àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth ṣe àpérò kan ní Makerere, ní ilẹ̀ Ùgáńdà, lórí bí a ó ṣe máa kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè kejì. Nínú ìwé Linguistic Imperialism tó jáde ní 1992, Robert Phillipson fa èrò márùn-ún yọ tí àpérò náà fún lókun. Èkíní, pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí a fi kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Èkejì, pé elédè abínibí ni olùkọ́ tó pé jù. Ẹ̀kẹta, pé bí ọmọ bá ti tètè bẹ̀rẹ̀ tó ni yóò ti mọ̀ ọ́n tó. Ẹ̀kẹrin, pé bí Gẹ̀ẹ́sì bá ti pọ̀ tó ní kíláàsì ni àǹfààní rẹ̀ yóò ti tó. Ẹ̀karùn-ún, pé bí a bá lo èdè mìíràn, Gẹ̀ẹ́sì ọmọ náà yóò lọ sílẹ̀. Phillipson fi hàn pé àṣìrò ni márààrún. Ṣùgbọ́n ẹ bojú wo ilé-ìwé tó wà ládùúgbò yín, kí ẹ sọ fún mi bóyá ọ̀kan ti kúrò níbẹ̀ nínú wọn.

Ohun tó jẹ́ àṣìrò nínú èkejì ni pé ó da sísọ èdè pọ̀ mọ́ kíkọ́ni ní èdè. Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn mọ̀ ọ́n sọ, ọ̀tọ̀ ni kí ó mọ ìdí rẹ̀. Gbogbo elédè Yorùbá ló mọ̀ pé a lè sọ pé “mo lọ”, ṣùgbọ́n tí kíkọ̀ bá wọ̀ ọ́, “n kò lọ” tàbí “mi ò lọ” ni à ń sọ, a kì í sọ pé “mo kò lọ”. Ẹ béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́wàá ní ọjà Bódìjà, ẹ̀rín ni wọn yóò fi dá yín lóhùn. Bákan náà, ẹ bi ọmọ London pé kí ló dé tó fi ń sọ pé “a big red car”, tí kì í sọ pé “a red big car”. Yóò ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn tí olùkọ́ ń fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹni tó fi òógùn kọ́ èdè mọ ibi tí òkúta wà lójú ọ̀nà. Fáwẹ̀lì àìránmúpè méje ni Yorùbá ní, ìdí nìyẹn tí “sit” àti “seat” fi máa ń di ọ̀kan náà lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ wa. Èdè Kòríà náà kò ya ìró méjèèjì yìí sọ́tọ̀. Olùkọ́ láti Ẹ̀kìtì àti ọmọ Seoul jọ fẹsẹ̀ kọ òkúta kan náà ni. Olùkọ́ ti dìde, ó sì lè sọ bí òun ṣe dìde. Ẹni tí kò ṣubú níbẹ̀ rí, kí ni yóò sọ ju pé “ṣe bí mo ti ń ṣe” lọ? Péter Medgyes, ọmọ ilẹ̀ Hungary, ti jà fún irú èrò yìí láti 1992, ní 2006 sì ni TESOL, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì lágbàáyé, kéde pé àwọn lòdì sí kí a máa fi ibi tí ènìyàn ti wá dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ti sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń fúnni ní físà ni kò gbọ́.

Àwa awo kò nílò kí Phillipson tàbí Medgyes sọ èyí fún wa. Ọmọ tí a bí sílé babaláwo lè dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n, kí ó máa jí sí ìró ìyẹ̀rẹ̀, kí ó sì máa jẹun níbi ìpèsè. Bí kò bá kọ́ ọ̀pẹ̀lẹ̀, bí kò bá kọ́ Odù 256 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ẹsẹ̀ inú wọn, bí kò bá jókòó ti olúwo rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, bí àwọn àgbà kò bá sì dán an wò, kò sí ẹni tí yóò gbé ọpọ́n síwájú rẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yìí ni iṣẹ́ olùkọ́.

Mo mọ èsì tí àwọn kan yóò fún mi. Wọn yóò ní àwọn òbí ní Seoul ló fẹ́ ohùn Amẹ́ríkà, oníbàárà ló sì ń pinnu ohun tó fẹ́ rà. Ṣùgbọ́n ohùn wo ni wọ́n ń wí? Ẹni tó dàgbà ní Glasgow àti ẹni tó dàgbà ní Texas kì í sọ Gẹ̀ẹ́sì bákan náà. Ìwé ìrìnnà ló sọ wọ́n di ọ̀kan. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ wọn ìdí tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni fi ń gba fọ́tò lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́, bí ó bá jẹ́ pé ohùn ni wọ́n fẹ́ gbọ́. A kì í fi ojú gbọ́ ọ̀rọ̀. Àwọ̀ ara ni wọ́n ń wá, ojúsàájú ni, kí wọ́n má ṣe fi èdè bò ó mọ́lẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní Gẹ̀ẹ́sì àwọn olùkọ́ Nàìjíríà kan mẹ́hẹ. Òótọ́ ni. Mo ń kọ́ wọn ní yunifásítì, mo ń ka ìwé ìdánwò wọn, n kò lè parọ́ pé gbogbo wọn ló yege. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tèmi gan-an nìyẹn. Nítorí pé àwọn kan mọ̀ ọ́n, tí àwọn kan kò mọ̀ ọ́n, ó yẹ kí a dán olúkúlùkù wò. Kí a má sì gbàgbé pé kì í ṣe gbogbo ohun tó yàtọ̀ ló jẹ́ àṣìṣe. Láti 1998 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ti kọ ọ́ pé a wà láàárín òṣùwọ̀n méjì tí ń fà wá ya: Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ní kí a máa sọ, àti èyí tí à ń sọ ní tòótọ́. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford gbà pé “danfo”, “okada” àti “buka” ti di ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ wa wọlé, wọ́n dá ẹni tó ni ọ̀rọ̀ dúró sí ìta.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ní àkójọ àwọn orílẹ̀-èdè tó gbà pé Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wọn ń sọ. Jàmáíkà wà níbẹ̀, Guyana wà níbẹ̀, Nàìjíríà àti Gánà kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lè ní láti lọ jókòó sí ìdánwò IELTS, ọdún méjì péré sì ni èsì rẹ̀ fi ń wúlò, bí ẹni pé Gẹ̀ẹ́sì máa ń kan bí ọbẹ̀ àná. N kò ní ìdánwò burú. Ohun tó burú ni kí ọ̀kan máa ṣe ìdánwò nítorí ibi tí wọ́n bí i sí, kí èkejì máa kọjá láìṣe é nítorí ibi tí wọ́n bí i sí.

Ọ̀rọ̀ ti dé ilé wàyí. Ẹni tó bá na ìka kan sí ẹlòmíràn, mẹ́ta ń nà sí òun fúnra rẹ̀. Nínú agbo àwa oníṣẹ̀ṣe, mo ń gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ọmọ Cuba kò lè jẹ́ babaláwo tòótọ́, pé ọmọ Brazil kò lè ki Ifá kó já gaara, nítorí pé a kò bí wọn sí ilẹ̀ Yorùbá. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ yóò ṣí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò máa gba owó dọ́là lọ́wọ́ ọmọ Chicago láti kọ́ ọ ní Yorùbá, tí òun fúnra rẹ̀ kò lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀, tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìró àti lẹ́tà, tí kò sì lè ṣàlàyé ìdí tí ohùn ìsàlẹ̀ fi wà lórí ọ̀rọ̀ kan tí kò sí lórí òmíràn. Kí ni ìwé-ẹ̀rí rẹ̀? Pé ìyá rẹ̀ bí i sí Ọ̀ṣun. Ṣé ẹ rí i pé òfin físà Kòríà nìyẹn, tí a gbé ẹ̀wù òfì wọ̀?

Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gba Ifá ní Kétu ní ilẹ̀ Benin ní 1953, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí. Ó lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí ewé àti ọfọ̀, ó sì fi ìwé sílẹ̀ tí àwa náà ń kà títí di òní. Àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Cuba pa ọ̀pọ̀ nínú Odù mọ́ sórí, nígbà tí àwọn ọmọ tó kù sílé ń ju ikin bàbá wọn sínú igbó nítorí ìsìn tuntun. Ta ni ọmọ, ta ni àjèjì? Ẹni tó kọ́ ọ, tó sì mọ̀ ọ́n, ni ọmọ.

Nínú ilé-ìwé wa náà, àìsàn kan náà ni. Òbí yóò san owó ńlá nítorí pé olùkọ́ kan ń fi imú sọ̀rọ̀, kò ní béèrè bóyá ó mọ iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni a ti ní ẹ̀rí lọ́wọ́ láti 1970, nígbà tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo ẹ̀kọ́, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí olùkọ́ tó mọ̀ nípa rẹ̀ ń kọ́ wọn lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Ìmọ̀ iṣẹ́ ló ṣe é, kì í ṣe imú. Síbẹ̀, ìlànà èdè tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022, pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìjọba tún wọ́gi lé e ní 2025. Àṣìrò Makerere ṣì ń jọba ní Àbújá.

Ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè. Lọ́wọ́ àwọn tó ń gba olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní òkèèrè: ẹ yọ ìwé ìrìnnà kúrò nínú òṣùwọ̀n. Ẹ dán gbogbo ẹni tó bá wá wò, ọmọ London àti ọmọ Ìlọrin, lórí èdè àti lórí iṣẹ́ olùkọ́, kí ẹni tó bá yege wọlé. Lọ́wọ́ ìjọba wa: ẹ lọ bá ìjọba Kòríà àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jókòó lórí NCE àti oyè àwọn olùkọ́ wa, bí àwọn mìíràn ti ń ṣe fún ọmọ tiwọn.

Lọ́wọ́ àwa fúnra wa ni ẹ̀kẹta wà, òun ni mo sì kà sí pàtàkì jù. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́ni ní Yorùbá tàbí ní Ifá lórúkọ wa, kí ó wá jókòó níwájú àwọn tó mọ̀. Kí ó kọ Yorùbá sílẹ̀ pẹ̀lú àmì. Kí ó ṣàlàyé gírámà rẹ̀. Kí ó ki Odù tí a bá dá fún un. Kí a má bi í bóyá Ọ̀yọ́ ni a bí i sí tàbí Bahia. Bí ó bá yege, kí a fún un ní ìwé-ẹ̀rí; bí kò bá yege, kí ó padà lọ kọ́ ọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọba.

Bí a bá kọ̀ láti ṣe èyí, kò sí ẹnu tí a ó fi bá Kòríà wí. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Kí Ọ̀rúnmìlà fi ọ̀nà hàn wá. Àṣẹ.